Ọ̀ṣọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn, Kí Ẹ Tó Ra Kọ́ìnì: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ríra Ọ̀ṣọ́ Inú Géèmù

Ọ̀ṣọ́ inú géèmù kì í fún ẹni tó rà á ní agbára kankan. Aṣọ tuntun kò ní mú kí ẹ sáré ju ọ̀tá yín lọ, àwọ̀ tí a fi kun ìbọn kò ní mú kí ọta rẹ̀ balẹ̀ síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ijó tí a ń jó lẹ́yìn ìṣẹ́gun kò fi àmì kan ṣoṣo kún èsì. Síbẹ̀, n kò ka owó tí a ná lé e lórí sí òfò. Ẹni tó bá ń lo wákàtí púpọ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú géèmù kan lẹ́tọ̀ọ́ láti múra níbẹ̀ bó ṣe wù ú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń múra lọ sí ibikíbi tí ojú ti ń rí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra kọ́ìnì inú géèmù sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi rà, tí wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n máa ná an lé lórí kiri. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí dá lórí pé kí a yí ìgbésẹ̀ náà padà: kí a kọ́kọ́ yan ọ̀ṣọ́, kí a mọ iye tó jẹ́ ní owó gidi, lẹ́yìn náà ni kí a tó ra kọ́ìnì tó máa tó o.

Ẹ mọ irú kọ́ìnì tó wà lọ́wọ́ yín

Géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó ń pe owó rẹ̀. Fortnite ń lo V-Bucks, Roblox ń lo Robux, Minecraft ní Minecoins, League of Legends ní Riot Points, Valorant sì ní Valorant Points. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n dúró sáàárín owó yín àti ọjà tí ẹ fẹ́ rà. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ẹ óò tún bá irú kọ́ìnì kejì pàdé, èyí tí a máa ń rí gbà nípa gbígbá géèmù náà lásán, láì san kọ́bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ ṣe nígbà tí ẹ bá wọ ìsọ̀ inú géèmù ni kí ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà, kí ẹ lè mọ èyí tí a ń béèrè nínú méjèèjì. Mo ti rí ẹni tó fi kọ́ìnì tó fi owó rà ra ohun tí kọ́ìnì ọ̀fẹ́ tó wà nínú àpò rẹ̀ ì bá ti tó rà, nítorí pé bọ́tìnì méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì fara balẹ̀ wò wọ́n.

Ó dára kí a rántí ibi tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gbangba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda ta ìhámọ́ra ẹṣin fún àwọn tó ń gbá géèmù Oblivion, iye rẹ̀ lórí ẹ̀rọ Xbox 360 sì jẹ́ 200 Microsoft Points. Ariwo tí àwọn eléré pa nígbà náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀: 80 Microsoft Points ló ń ṣe dọ́là Amẹ́ríkà kan, nítorí náà dọ́là 2.50 ni ìhámọ́ra náà. Ta ni ó máa fi orí ṣírò 200 pín sí 80 nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọjà? Nígbà tó di ọdún 2013, Microsoft fúnra rẹ̀ pa kọ́ìnì yẹn tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye ọjà ní owó gidi ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù kò tẹ̀lé e, iṣẹ́ ìṣirò náà sì ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ń rajà.

Bí a ṣe ń ṣírò iye tí ọ̀ṣọ́ jẹ́ gan-an

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní aṣọ tó wù yín jẹ́ kọ́ìnì 1,200, tí géèmù náà sì ń ta kọ́ìnì ní ìdì mẹ́ta: 500 ní dọ́là 5, 1,000 ní dọ́là 9, àti 2,800 ní dọ́là 20. Ẹ óò rí i pé kò sí ìdì kankan tó ṣe déédéé 1,200. Ẹni tó bá ra ìdì 1,000 mọ́ ìdì 500 yóò san dọ́là 14, yóò mú aṣọ rẹ̀, kọ́ìnì 300 yóò sì ṣẹ́kù sínú àpò rẹ̀. Kọ́ìnì 300 yìí kì í sábà tó ohunkóhun rà, ṣùgbọ́n kò kéré tó ohun tí ojú lè mójú kúrò lára rẹ̀, nítorí náà a óò máa wá kọ́ìnì mìíràn tí a máa fi kún un. Ìyẹn ni pé ìyókù ọjà òní ló ń pe ọjà ọ̀la.

Ìdì ńlá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nínú ìdì tó kéré jù, kọ́ìnì kan jẹ́ sẹ́ǹtì kan gẹ́ẹ́ gẹ́. Nínú ìdì 2,800, kọ́ìnì kan kò ju nǹkan bí sẹ́ǹtì 0.71 lọ. Bí a bá fi èyí ṣírò, aṣọ oní-1,200 wá di nǹkan bí dọ́là 8.57 lórí ìwé, èènì náà sì dà bí ohun tí kò yẹ kí a jẹ́ kó bọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là 20 ló kúrò lọ́wọ́ yín. Kọ́ìnì 1,600 tó ṣẹ́kù kò lè padà di owó mọ́, kò sì lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn ju inú géèmù yẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye gidi tí ọ̀ṣọ́ kan jẹ́ ni gbogbo owó tó kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó rí i gbà, àyàfi tí ẹ bá lè dárúkọ ohun kejì tí ẹ máa fi ìyókù rà, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó lè wáyé, bí kò ṣe ohun tó wà nínú ìsọ̀ tí ẹ sì ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ ra ìdì ńlá náà láì bẹ̀rù. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ìdì kékeré tó tó ni kí ẹ rà, kódà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ìnì rẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún géèmù kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń gbá, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tàbí sínú fóònù yín: kọ́ìnì mélòó ló ń ṣe owó kan ní orílẹ̀-èdè yín, gẹ́gẹ́ bí ìdì tí ẹ sábà máa ń rà. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tí ẹ bá rí iye kan nínú ìsọ̀, ẹ tú u sí owó gidi kí ẹ tó sọ bóyá ó wọ́n tàbí kò wọ́n. Àwọn aláṣẹ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù máa fi iye ọjà hàn ní owó gidi pẹ̀lú, kí wọ́n má sì máa fi ipá mú oníbàárà ra kọ́ìnì ju èyí tó nílò lọ. Títí tí géèmù yín yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa ṣe é fún ara yín.

Bí a ṣe ń yan ọ̀ṣọ́ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi báyìí ni bóyá èmi fúnra mi yóò máa rí ohun tí mo fẹ́ rà. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ lọ́nà tó dùn mí. Nígbà kan, mo fi gbogbo kọ́ìnì mi ra aṣọ ìlékè kan tó rẹwà púpọ̀, tí etí rẹ̀ ń tàn bí iná, nínú géèmù tí a ti ń fi ojú ẹni tó ń yìnbọn wo ayé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó kíyè sí i pé ìgbà kan ṣoṣo tí mo ń rí aṣọ náà ni ìgbà tí mo bá wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìjà, ọwọ́ mi àti ìbọn mi nìkan ló wà níwájú mi. Nítorí náà, nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, bíi Valorant tàbí Counter-Strike, ọ̀ṣọ́ ìbọn, ti ọ̀bẹ àti ti ìbọ̀wọ́ níbi tí ó bá wà, ló tọ́ sí owó yín, nítorí pé àwọn ni ẹ óò máa wò ní gbogbo ìṣẹ́jú. Nínú géèmù tí a ti ń rí ẹ̀yìn ẹ̀dá tí a ń darí, bíi Fortnite, aṣọ àti ohun tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn ni ojú yín yóò máa bá pàdé jù lọ. Ẹ kò tilẹ̀ ní rí iwájú aṣọ náà tó bí ẹ ṣe máa rí ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwájú ni ìsọ̀ sábà máa ń fi hàn yín. Ẹ yí àwòrán náà padà kí ẹ tó sanwó. Nínú géèmù tí a ti ń wò ó láti òkè, bíi League of Legends, ẹ̀dá náà kéré púpọ̀ lójú, ìrísí ojú rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan tó bí àwọ̀ àti ìró tí idán rẹ̀ ń mú jáde. Nítorí náà, ẹ wá fídíò tó fi ọ̀ṣọ́ náà hàn nígbà tí ìjà ń lọ, kí ẹ má fi àwòrán tí wọ́n yà fún ìpolówó nìkan ṣe ìdájọ́.

Ẹ tún wádìí bóyá ohun tí ẹ rí nínú ìpolówó náà ni ẹ óò gbà. Nínú Valorant, àwọn ọ̀ṣọ́ ìbọn kan wà tí ẹni tó rà wọ́n yóò kọ́kọ́ rí ìrísí wọn nìkan. Tó bá fẹ́ ìró pàtàkì, ìparí ìjà tó yàtọ̀ tàbí àwọ̀ mìíràn, yóò tún fi ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní Radianite ṣí i ní ìpele ìpele. Ẹni tí kò mọ èyí tẹ́lẹ̀ á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó rà, ẹ ka iye ìpele tó wà, kí ẹ sì pinnu èyí tí ẹ máa dúró sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ, ìyẹn ni pé ọ̀ṣọ́ a máa nípa lórí ìjà nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó ń tàn yanran máa ń jẹ́ kí ọ̀tá tètè rí yín. Aṣọ dúdú máa ń ṣe òdì kejì rẹ̀: nínú Call of Duty: Warzone, aṣọ dúdú ti ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Roze ṣòro láti rí nínú òkùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn eléré fi kùn gidigidi, àwọn tó ṣe géèmù náà sì yí ìrísí rẹ̀ padà ní ọdún 2021 kí ó lè túbọ̀ hàn. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ má ra ọ̀ṣọ́ nítorí àǹfààní tí ẹ rò pé ó ní nínú ìjà, nítorí wọ́n lè mú un kúrò. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìrísí ohun tí ẹ ti sanwó fún lè yí padà láì jẹ́ pé a béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ má jẹ́ kí aago ìsọ̀ náà lé yín

Nínú Fortnite, ìsọ̀ máa ń yí padà lójoojúmọ́ ní agogo 12 òru ní àkókò UTC, ìyẹn àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Nínú Valorant, ìsọ̀ eléré kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọ̀ṣọ́ ìbọn mẹ́rin hàn án fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà yóò fi mẹ́rin mìíràn rọ́pò wọn. Aago tó ń ka sẹ́yìn yìí ló ń mú kí ọkàn máa já. Ṣùgbọ́n ìparí aago kì í ṣe ìparí ọjà. Púpọ̀ nínú ohun tó bá kúrò nínú ìsọ̀ ló máa ń padà wá. Kódà àwọn ọ̀ṣọ́ inú Battle Pass Fortnite (ìwé ìwọlé sáà kan tó máa ń fún ni ní ọ̀ṣọ́ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ṣe ń gbá géèmù sí), tí wọ́n ti máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé wọn kò ní padà mọ́, Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Fortnite, kéde ní ọdún 2024 pé àwọn tó bá jáde láti ìgbà náà lọ lè dé inú ìsọ̀ lẹ́yìn oṣù 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlànà tí èmi ń lò ni pé kí n kọ orúkọ ọ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ rí i, kí n sì lọ gbá géèmù mi láì rà á. Bí mo bá ṣì ń rò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo mọ̀ pé ó wù mí lóòótọ́. Bí mo bá ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, owó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú ohun mẹ́wàá tí mo ti kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí mo padà lọ rà kò tó mẹ́ta.

Ní ti Battle Pass yìí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ó lè jẹ́ ọjà tó dára jù lọ fún ẹni tó ní àkókò: ní ọ̀pọ̀ sáà Fortnite tó ti kọjá, 950 V-Bucks ni wọ́n tà á, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ nígbà náà lè rí tó 1,500 V-Bucks gbà padà, èyí tó tó ra ti sáà tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkókò láti parí rẹ̀ ti ra iṣẹ́ sọ́rùn ara rẹ̀ ni. Bí géèmù yín bá gba ẹni tó rà á ní ìparí sáà láyè láti gba gbogbo ohun tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbá géèmù náà, kí ẹ wo ìpele tí ẹ dé, kí ẹ tó sanwó.

Àpótí àdììtú: ibi tí ó yẹ kí a ti dúró

Títí di ìsinsìnyí, ọjà tí a mọ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: a rí aṣọ, a sanwó aṣọ, a gba aṣọ. Irú ọjà mìíràn wà tí a ti ń sanwó láti ṣí àpótí tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn eléré ń pè é ní loot box, tàbí gacha nínú àwọn géèmù tó wá láti Ìlà Oòrùn Éṣíà. Ojú tí mo fi ń wo èyí yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé tẹ́tẹ́ ló jọ, kò jọ ọjà.

Ẹ wo ti Counter-Strike, nítorí a mọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni àpótí ọ̀ṣọ́ ìbọn ti wọ inú géèmù náà, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí ọ̀kan sì jẹ́ dọ́là 2.49. Nígbà tí àṣẹ ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kéde bí ó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí ohun kọ̀ọ̀kan, a wá mọ̀ pé nǹkan bí 79.92 nínú 100 ni ohun tó wà ní ìpele tó kéré jù, tí ọ̀bẹ tàbí ìbọ̀wọ́ tí gbogbo ènìyàn ń lé kò sì ju 0.26 nínú 100 lọ. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan nínú nǹkan bí àpótí 385. Ẹ fi 2.49 sọ 385 di púpọ̀, ẹ óò rí i pé ó lé ní dọ́là 950. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà wá ni èyí: wọ́n á rò pé ẹni tó bá ṣí àpótí 385 gbọ́dọ̀ rí ọ̀bẹ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò mọ̀ pé ẹ ti ṣí òmíràn ṣáájú. Bí ènìyàn 100 bá ṣí àpótí 385 lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 37 nínú wọn yóò lọ sílé láì rí ọ̀bẹ kankan.

Àwọn géèmù kan ń ṣe ìlérí pé lẹ́yìn iye ìgbà kan, ohun tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ jáde. Ìyẹn sàn díẹ̀, ó sì fún wa ní ọ̀nà láti ṣírò: ẹ ka iye owó tí ẹ máa ná kí ẹ tó dé ibi ìdánilójú náà sí iye tí ọ̀ṣọ́ náà jẹ́. Bí ẹ kò bá lè san iye yẹn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí àárín ọ̀nà ni ọkàn ti máa ń le jù. Kí ẹ sì wádìí bóyá iye ìgbà tí ẹ ti gbìyànjú yóò padà sí òdo nígbà tí sáà bá parí. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Apple ti ń béèrè pé kí àwọn géèmù orí App Store máa fi ìṣeéṣe yìí hàn kí oníbàárà tó sanwó. Bí ẹ kò bá rí i lójú ewé àpótí náà, ẹ wá a nínú àlàyé kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2018 pé àpótí inú àwọn géèmù kan tako òfin tẹ́tẹ́ wọn. Mo fara mọ́ ọn. Bí ọ̀ṣọ́ tí ẹ ń fẹ́ bá wà fún títà tààrà níbi kan, kódà kí ó wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Sísan owó láì kó sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀

Inú géèmù fúnra rẹ̀, orí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbá a, tàbí káàdì ẹ̀bùn tí ẹ rà lọ́wọ́ olùtajà tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀, ni kí ẹ ti ra kọ́ìnì. Káàdì ẹ̀bùn ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí iye tó wà lórí rẹ̀ ni òpin: bí ó bá tán, ó tán. Ẹni tó bá ní òun ń ta kọ́ìnì ní ìdajì iye rẹ̀ sábà máa ń fi káàdì tí wọ́n jí rà á. Nígbà tí olówó káàdì bá gba owó rẹ̀ padà, wọn yóò yọ kọ́ìnì náà nínú àkáǹtì yín, wọ́n sì lè ti àkáǹtì náà pa. Ojú òpó tó bá sì ní òun ń pín Robux tàbí V-Bucks lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà yín ló ń wá. Irọ́ ni irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tan ìjẹ́rìísí onípele méjì, ìyẹn kí wọ́n máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, sórí àkáǹtì yín kí ẹ tó ná owó kankan níbẹ̀, nítorí pé àkáǹtì tó kún fún ọ̀ṣọ́ ni olè ń wá. Bí ẹ bá sì ń gbá géèmù kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, ẹ wádìí bóyá kọ́ìnì tí a rà lórí ọ̀kan yóò hàn lórí èkejì, nítorí pé ní àwọn géèmù kan, kì í hàn.

Bí a bá ṣi ọjà rà

Ẹ má wọ ọ̀ṣọ́ náà lọ sí ìjà kankan títí tí ẹ fi mọ̀ dájú pé ẹ fẹ́ ẹ. Ìdí ni pé níbi tí a bá ti ń gba ọjà padà, ohun tí a kò tíì lò ni wọ́n sábà máa ń gbà. Lórí Steam, ìyẹn ìsọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà ti ilé-iṣẹ́ Valve tó ṣe Counter-Strike, ohun tí a rà nínú àwọn géèmù tí Valve fúnra rẹ̀ ṣe ṣeé dá padà láàárín wákàtí 48, bí a kò bá tíì lò ó tán, tí a kò yí i padà, tí a kò sì fi fún ẹlòmíràn. Google Play náà máa ń fún ni ní wákàtí 48 láti béèrè owó padà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ṣe géèmù náà ni a óò lọ bá. Ẹ yára, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí. Ẹ má sáré lọ sí báńkì láti fipá gba owó padà kí ẹ tó bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ti àkáǹtì ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pa.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé bọ́tìnì ló tàn yín jẹ, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde pé Epic Games yóò san mílíọ̀nù 245 dọ́là láti fi dá owó padà fún àwọn oníbàárà Fortnite, nítorí pé bí wọ́n ṣe to bọ́tìnì inú géèmù náà mú kí ènìyàn lè rajà nígbà tó ń gbìyànjú láti jí ẹ̀rọ tó ti sùn, nígbà tí géèmù ń ṣí lọ́wọ́, tàbí nígbà tó kàn fẹ́ wo bí ọ̀ṣọ́ ṣe rí.

Ẹ̀sùn náà kan àwọn ọmọdé pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi káàdì òbí wọn rajà láì jẹ́ pé òbí mọ̀. Òbí tó bá ń kà á, ẹ yọ káàdì yín kúrò lórí ẹ̀rọ tí ọmọ ń lò, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ náà ní káàdì ẹ̀bùn kan tó níye, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣe ìṣirò ìdì mẹ́ta tí mo ṣe lókè yìí níwájú yín. Ọmọ tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé aṣọ oní-1,200 gba dọ́là 14 lọ́wọ́ òun kì í gbàgbé.

Ohun tí a ní, àti ìyókù kọ́ìnì

Ọ̀ṣọ́ tí a rà kì í ṣe tiwa bí aṣọ tó wà nínú àpótí wa ti jẹ́ tiwa. Àyè láti lò ó ni a rà, àyè náà sì gùn tó ọjọ́ orí géèmù náà. Ubisoft ti ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù The Crew pa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, gbogbo ọkọ̀ àti ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ sì bá a lọ. Nínú Rocket League, àwọn eléré ti ń fi ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí wọ́n fi fòpin sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹni tó ti ń kó ọ̀ṣọ́ jọ pẹ̀lú èrò pé òun yóò fi wọ́n pààrọ̀ èyí tó dára jù ṣì ní wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti dúró sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí láé. Kódà níbi tí títà ṣì wà, bíi ọjà Steam, ìdá 15 nínú 100 ni a máa ń yọ lórí ọ̀ṣọ́ Counter-Strike kan. Ẹ ra ohun tí ẹ máa gbádùn láàárín oṣù díẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì ka owó rẹ̀ sí owó tí ẹ ti ná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, ẹ ya àwòrán ojú ewé ìsanwó náà pamọ́, ẹ yọ káàdì yín kúrò lórí àkáǹtì náà, kí ẹ sì kọ iye kọ́ìnì tó ṣẹ́kù sínú ìwé tí ẹ kọ ìṣirò yín sí. Òfin App Store kò gba kí kọ́ìnì tí a fi owó rà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìparí. Níbòmíràn, ẹ ka àdéhùn géèmù náà láti mọ̀. Bí kò bá ti ní ọjọ́ ìparí, kọ́ìnì 300 náà lè jókòó síbẹ̀ títí ohun mìíràn tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín yóò fi dé inú ìsọ̀, nígbà náà ẹ óò wá yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ rà.